Òǹkà mẹ́rin lẹ́yìn ìbọ̀wọ́: àkọsílẹ̀ òru kan ní yàrá ìbímọ

Aago mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú 12 ni ọmọ náà wáyé. Ọkùnrin ni, kìlógíráàmù 3.1 ni, oyún rẹ̀ sì ti pé ọ̀sẹ̀ 40. Àkọ́bí ìyá rẹ̀ ni. Ìyá náà kò ṣàìsàn kankan láti ìgbà tó ti lóyún, gbogbo àyẹ̀wò rẹ̀ ló dára. Ohun tó kọ wá lóminú ni pé nígbà tí omirá rẹ̀ tú, ìgbẹ́ ọmọ ti dà pọ̀ mọ́ ọn, ó dúdú, ó sì ki. Láti nǹkan bí wákàtí kan kó tó bí ni ìlù ọkàn ọmọ ti ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìrora kọ̀ọ̀kan, tó sì ń pẹ́ kó tó padà sípò. A ránṣẹ́ sí dókítà. Ó wà nídìí iṣẹ́ abẹ mìíràn. Agbẹ̀bí ẹlẹgbẹ́ mi ló wà nídìí ìyá. Èmi ni wọ́n yàn sídìí ọmọ.

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́, torí ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì tó bá kà á yóò rí ara wọn níbẹ̀. Mo ní ìwé ẹ̀rí. Oṣù mẹ́jọ ṣáájú òru yẹn ni mo fi ọjọ́ méjì gbáko jókòó síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń ran ọmọ tuntun tí kò mí lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dán wa wò ní ìparí, máàkì 92 nínú 100 ni mo gbà. Ìwé ẹ̀rí náà wà nínú fáìlì mi ní ọ́fíìsì, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì kọjá.

Ọmọ jáde, ó rọ̀ bí aṣọ tútù. Kò ké, kò mí, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ti ṣú, ìgbẹ́ dúdú náà sì lẹ̀ mọ́ etí àti ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo gbà á sínú aṣọ gbígbẹ, mo nù ún, mo fi aṣọ ra ẹ̀yìn rẹ̀ lókè lódò. Títí dé ibí yìí, ohun tó yẹ ni mo ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo na ọwọ́ sí rọ́bà tí a fi ń fa ikun. Mo fa ẹnu rẹ̀, mo fa imú rẹ̀, mo tún padà sí ẹnu. Omi dúdú ń gba inú rọ́bà kọjá, ó sì ń ṣe mí bíi pé iṣẹ́ ń lọ. Ọmọ kò mira. A dì ìwọ́, a gé e, mo gbé e lọ sórí tábìlì tó wà lábẹ́ iná amóoru.

Báàgì tí a fi ń fún ọmọ ní afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbòmú kékeré, ti àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, ló wà lẹ́nu rẹ̀. Kò bo ẹnu àti imú ọmọ yìí pọ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi ṣí dúrọ́ọ̀ kìíní, kò sí níbẹ̀. Ó ṣí ìkejì, ó rí ìbòmú tó tọ́ nínú ọ̀rá tí a kò tíì ya. Mo gbà á, mo fi sí i, mo gbé e lé ọmọ lójú, mo tẹ báàgì. Afẹ́fẹ́ ń ṣe "fííìn" lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ dáadáa, ọkàn mi kò kàn sọ fún mi ohun tí ìró yẹn túmọ̀ sí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo túbọ̀ tẹ báàgì kíákíá, mo túbọ̀ tẹ̀ ẹ́ le. Ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́ àyà ọmọ, ó ní, "Kò tó ọgọ́ta." Iye ìlù ọkàn láàárín ìṣẹ́jú kan ló ń sọ. Àyà mi já. Mo ti ń gbé àtàǹpàkò mi méjèèjì lọ sí egungun àyà rẹ̀ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà nígbà tí ọ̀gá wa tó ń bójú tó iṣẹ́ alẹ́ wọlé.

Ọ̀gá kò gba báàgì lọ́wọ́ mi. Mo ń dúpẹ́ nípa ìyẹn títí dòní.

"Dúró ná. Wo àyà rẹ̀. Ṣé ó ń gbéra?"

"Rárá, mà."

"A jẹ́ pé o kò tíì fún un ní nǹkan kan."

Ó ká aṣọ kékeré kan sábẹ́ èjìká ọmọ, ó fi ìka kan gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, tí orí rẹ̀ fi wà bíi ti ẹni tó ń gbóòórùn nǹkan. Orí náà ti ṣubú síwájú tẹ́lẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ti pa dé, èmi kò sì rí i. "Ó yá, gbé ìbòmú náà kúrò, kí o tún un gbé lé e. Láti àgbọ̀n lọ sí imú." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀là mi di ìbòmú mú yíká, ìka mẹ́ta tó kù gbé egungun àgbọ̀n sókè wá pàdé rẹ̀. Mo tẹ báàgì. Àyà ọmọ gbéra. Kò ga rárá. Bí ẹni tó ń sùn jẹ́jẹ́ ló rí. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí mi létí: "Mí, méjì, mẹ́ta. Mí, méjì, mẹ́ta." Kí ìdajì ìṣẹ́jú tó pé, ẹlẹgbẹ́ mi ní ìlù ọkàn ti kọjá ọgọ́rùn-ún. Ètè ọmọ kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà àyà rẹ̀. Ó mí kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó dákẹ́, ó tún mí. Ó pé ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kó tó ké.

Akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí kan wà pẹ̀lú wa lóru yẹn. Kí ọmọ tó jáde ni mo ti sọ fún un pé kó máa wo aago ògiri kó sì máa kọ àkókò. Kò rí ìwé nítòsí, ló bá ń fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn ìbọ̀wọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó rọra tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Òǹkà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tí ọmọ ti jáde: 0.40, a fa ikun tán; 1.05, ọmọ dórí tábìlì; 1.50, a kọ́kọ́ tẹ báàgì; 3.30, àyà gbéra.

Mo wo òǹkà tó kẹ́yìn yẹn títí. Bí wọ́n bá bi mí léèrè ṣáájú, ǹ bá búra pé ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà wá.

Ẹni tí kò bá sí nínú iṣẹ́ yìí lè má mọ ìdí tí ìṣẹ́jú méjì fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Kí a tó bí ọmọ, omi ló kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ara ìyá ni afẹ́fẹ́ ti ń dé bá a, láti inú ibi, gba inú ìwọ́. Bó bá ti wáyé, mímí àkọ́kọ́ ló ń ti omi yẹn kúrò lọ́nà. Bí kò bá mí, ọkàn rẹ̀ kò ní rí ọ́síjìn tí yóò fi ṣiṣẹ́, yóò máa lọ́ra sí i, ọpọlọ náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà. Ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ fi ń ṣáájú ohun gbogbo fún ọmọ tuntun. Ọkàn àgbàlagbà tó dédé ṣubú lulẹ̀ lè jẹ́ òun gan-an ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ti ọmọ tuntun kì í sábà rí bẹ́ẹ̀: èémí ni kò rí, tí ọkàn fi ń rẹ̀wẹ̀sì. Ká ní mo tẹ àyà ọmọ yẹn lóru ọjọ́ náà nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tíì wọlé, ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn ni ǹ bá máa tì kiri inú ara rẹ̀. Ó dìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ti ń wọlé dáadáa fún ìdajì ìṣẹ́jú ó kéré tán, tí ìlù ọkàn kò sì tíì tó 60, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà, ẹ̀ẹ̀mẹta sí mímí kan. Mo mọ èyí. Mo kọ ọ́ sínú ìdánwò, mo sì gbà á.

Dókítà dé nígbà tí ọmọ ti ń ké. Máàkì Apgar rẹ̀, èyí tí a fi ń díwọ̀n bí ara ọmọ ṣe rí lẹ́yìn ìbí láti 0 sí 10, jẹ́ 2 ní ìṣẹ́jú kìíní, 4 ní ìṣẹ́jú karùn-ún, 7 ní ìkẹwàá. Ara rẹ̀ ti tutù, 35.8 ni tòmọ́mítà kà, torí nínú ìdàrúdàpọ̀ wa, aṣọ tí a fi gbà á, tó ti tutù, ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. A yọ ọ́, a mú ara rẹ̀ gbóná padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wà láàárín 36.5 sí 37.5, a sì ń ṣọ́ ọ kó má gbóná jù, torí ooru àpọ̀jù kò dára fún ọpọlọ tí àìrí afẹ́fẹ́ ti fi ìyà jẹ. A yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, a fún un ní fítámì K, a ń wo ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá gìrì máa mú un. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́, nítorí àárín wákàtí mẹ́fà yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti pinnu bóyá ọmọ nílò kí wọ́n mú ara rẹ̀ tutù sí nǹkan bí 33.5 fún wákàtí 72 láti dáàbò bo ọpọlọ rẹ̀. Kò dé ibẹ̀. Oorun kùn ún, kò lè fa ọmú dáadáa fún ọjọ́ kan ààbọ̀, ṣùgbọ́n gìrì kò mú un. Ní ọjọ́ kẹta ó di ọmú mú, ó fà á bó ṣe yẹ. Ọjọ́ keje ni wọ́n lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ máàkì Apgar yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ kí n tó kọjá. Dókítà Virginia Apgar ló gbé e jáde ní 1952, a sì ń lò ó kárí ayé torí ó ń jẹ́ kí gbogbo wa fi èdè kan náà sọ bí ọmọ ṣe rí. Àmọ́ mo ti rí àwọn tó ń dúró kí ìṣẹ́jú kìíní pé kí wọ́n fún ọmọ ní máàkì kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Ọmọ tí kò bá mí, kí ìṣẹ́jú kan tó pé ló yẹ kí afẹ́fẹ́ ti máa wọ inú rẹ̀. Ìṣẹ́jú kan yẹn gan-an ni Helping Babies Breathe, ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń ran ọmọ tuntun lọ́wọ́ láti mí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Máàkì wà fún ìwé. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ dúró dè é.

Aago méje àárọ̀ ni ọ̀gá pe gbogbo wa jọ kí àwọn tó ń gba iṣẹ́ tó wọlé. Ó ní, "A ò wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn." Ó kọ òǹkà mẹ́rin yẹn sójú pátákó, ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ṣáájú wa. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, torí bí àwa àgbà bá ti sọ tiwa tán, kò ní lè la ẹnu rẹ̀. Ohùn ọmọbìnrin náà ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́: "Ní kíláàsì, wọ́n ní ká má fa ikun ọmọ kí a tó fún un ní afẹ́fẹ́, àfi tí nǹkan bá dí i lọ́nà ọ̀fun. Mo rí i pé Àǹtí ń fà á. Mo rò pé bóyá Àǹtí rí nǹkan tí èmi kò rí."

Èmi kò rí nǹkan kan. Ọwọ́ mi ló lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, mo sì ti ronú lé e lórí títí. Ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé bí omirá bá ti dà pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ ọmọ, kí ọmọ tó mí rárá ni ká ti fa ẹnu àti imú rẹ̀. Ìgbàgbọ́ gbogbo ayé nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2004 ni ìwádìí kan tó lo ọmọ tó ju 2,500 lọ fi hàn pé fífà yẹn, nígbà tí orí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, kò dín àìsàn tí ìgbẹ́ ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró kù. Nígbà tó fi máa di 2015, ìlànà àgbáyé ti yí padà débi pé wọn kò tún ní ká máa ki rọ́bà bọ ọ̀fun ọmọ tí kò mí mọ́ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ká yára fún un ní afẹ́fẹ́ ni. Mo mọ gbogbo èyí. Olùkọ́ wa sọ ọ́, ó fi àwòrán hàn wá, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n etí mi ni ẹ̀kọ́ tuntun náà gbà wọlé, ọwọ́ mi ni ẹ̀kọ́ àtijọ́ ń gbé. Nígbà tí ẹ̀rù dé, ọwọ́ ló ṣáájú.

A máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́nu iṣẹ́ bíi pé nǹkan ni a ń dà sínú ìkòkò tó ṣófo. Ìkòkò tiwa kò ṣófo. Ẹni tó ti ń gbẹ̀bí fún ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún, nǹkan ti kún ọwọ́ rẹ̀. Bí a kò bá lé ti àtijọ́ jáde, tuntun kò ní ríbi jókòó sí. Kò sì sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì tó lè lé àṣà ọdún mẹ́rìndínlógún jáde.

Ọ̀gá kó fáìlì wa jáde. Àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀, gbogbo wa la ní ìwé ẹ̀rí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló ní kí wọ́n gbé ọmọláńgidi ìkọ́ṣẹ́ wá, ó sì pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ọmọ yìí kò mí. Bẹ̀rẹ̀." Ó di aago mú. Ẹni mẹ́ta péré nínú wa ló mú àyà ọmọláńgidi náà gbéra kí ìṣẹ́jú kan tó pé, èmi kò sì sí lára wọn, lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú mi rí. Ọ̀kan lára àwọn tí kò ṣe é ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

Bí a bá sì ṣírò rẹ̀, kò yani lẹ́nu. Nínú 100 ọmọ tí wọ́n bá bí lásìkò, nǹkan bíi 85 ló máa mí fúnra wọn. Nǹkan bíi 10 yóò mí bí a bá ti nù wọ́n gbẹ tí a sì ra ẹ̀yìn wọn. Nǹkan bíi 5 ló máa nílò báàgì. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ bí 60 là ń gbẹ̀bí rẹ̀ lóṣù. Ìyẹn jẹ́ ọmọ mẹ́ta lóṣù tó lè nílò báàgì, tí àwa mọ́kànlá ń pín láàárín iṣẹ́ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Ó lè má ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún lọ tí ọwọ́ mi máa kan báàgì yẹn fún ọmọ gidi. Iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún kò lè mọ́ ọn lọ́wọ́, bó ti wù kó ní ọgbọ́n tó.

Wọ́n ti rí irú èyí ní Haydom, ilé ìwòsàn kan ní orílẹ̀-èdè Tanzania. Wọ́n fi ọjọ́ kan kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní Helping Babies Breathe. Lẹ́yìn oṣù méje, wọ́n dán wọn wò lórí ọmọláńgidi, wọ́n ṣe dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an fún àwọn ọmọ nínú yàrá ìbímọ, kò yàtọ̀. Ohun tó wá yí i padà ni ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe ìdánrawò lemọ́lemọ́ níbi iṣẹ́ wọn gan-an. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015, iye ọmọ tó ń kú láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ lọ sílẹ̀ láti 11.1 sí 7.2 nínú 1,000. Nígbà tí ọ̀gá ka èyí fún wa, ara mi bù máṣọ. Ọmọ mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ni ìyàtọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, ó sì jẹ́ pé ìdánrawò ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi kún un.

Ọmọláńgidi tiwa náà wà látọjọ́ yìí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ló wà, wọ́n tì í pa kó má bàa bàjẹ́, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sì í ṣiṣẹ́ alẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a gbé e jáde, a tẹ́ ẹ sórí tábìlì kan ní ẹ̀gbẹ́ yàrá ìbímọ, pẹ̀lú báàgì àti ìbòmú tirẹ̀. Ìlànà wa kò le: bí ẹ bá gba iṣẹ́, ẹni méjì yóò dúró ti ọmọláńgidi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀kan yóò ṣe, èkejì yóò di aago mú yóò sì wo àyà. Ẹ ó pààrọ̀. Ẹ ó kọ iye ìṣẹ́jú àáyá sínú ìwé.

Àgbà kan wà láàárín wa tó kọ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi gbẹ̀bí, ọwọ́ rẹ̀ dára, àwọn ìyá fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ọmọdé ni mí tí ẹ fi ní kí n wá máa fi ọmọláńgidi ṣeré?" Àwọn kan ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtìjú ni. Ó nira fún ẹni tí gbogbo ènìyàn ń wá ìmọ̀ràn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láti dúró kí àwọn ọmọ tó tọ́ dàgbà máa wo ọwọ́ rẹ̀ kó sì ṣì í. Ọ̀gá kò bá a jà. Lọ́jọ́ kejì, lójú gbogbo wa, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba báàgì. Ìbòmú jò. Ó ní sókè ketekete, "Ó ń jò lápá òsì mi. Mo gbé e kúrò, mo tún un gbé lé e." Àyà gbéra. Ó kọ 52 sínú ìwé, ó fọwọ́ sí i. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àgbà náà ti ṣe tirẹ̀, lẹ́yìn tó ní ká ti ilẹ̀kùn.

Ká má pa á mọ́, ìdánrawò yìí kú mọ́ wa lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ibùsùn kún, ẹni méjì lọ sí ìsinmi, odidi ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sínú ìwé. Ohun tó jí i padà ni pé a so ó pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí a kò lè ṣe kí a má ṣe é. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ yẹ báàgì wò: yóò fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu ìbòmú, yóò tẹ báàgì, yóò sì mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń tì í padà. Báàgì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, ọmọláńgidi sì wà níwájú rẹ̀. Láti ìgbà náà kò tíì kọjá ọjọ́ méjì láìsí àkọsílẹ̀. Ìbòmú méjèèjì, ti kékeré àti ti ńlá, ti wà lórí tábìlì nísinsìnyí, a yọ wọ́n kúrò nínú ọ̀rá, ẹni tó bá sì mọ̀ pé omirá ti dúdú yóò fi èyí tó tọ́ sẹ́nu báàgì kí orí ọmọ tó yọ.

Ohun kan ń dùn mí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí ènìyàn bá fẹ́ tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, wákàtí tó fi jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kà fún un. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nídìí ọmọláńgidi ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kì í sábà wọ inú ìṣírò wọn. Mo bẹ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí wà níkàáwọ́ wọn: ẹ kà á. Ẹ gba ìwé kékeré tí a fi ń kọ ìṣẹ́jú àáyá wa gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ó sàn ju ìwé tí mo fọwọ́ sí lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn lọ.

Ọjọ́ kejì tí ọmọ náà wáyé ni èmi àti ọ̀gá lọ bá ìyá rẹ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ, ó ti fi ìka kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó bi wá léèrè kí a tó sọ̀rọ̀: "Nọ́ọ̀sì, kí ló ṣe ọmọ mi?" Mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kò mí nígbà tó jáde, pé ó ti ń jìyà díẹ̀ kó tó jáde, àti pé afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ kó tó dé. Mo sọ fún un pé ọwọ́ mi ni. Ó wojú mi pẹ́. Ó ní, "Ṣé ó máa gbọ́n bí àwọn ọmọ yòókù?" Mo ní kò tíì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún un, pé a ó máa yẹ̀ ẹ́ wò títí yóò fi pé ọdún méjì, àti pé bó ṣe tètè padà sípò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ dára. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní ká gbé e fún òun.

Ó gbé e wá nígbà tó pé oṣù mẹ́fà. Ọmọ ń gbé orí dúró, ó ń na ọwọ́ sí nǹkan, ó ń wo ẹni tó bá pè é. Dókítà kò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Wọ́n dá ọjọ́ mìíràn fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ náà ti di agbẹ̀bí, ó sì padà wá bá wa ṣiṣẹ́. Lánàá, èmi àti òun la jọ gba iṣẹ́ alẹ́. Òun ló di aago mú. Mo gbé ìbòmú lé ọmọláńgidi, mo tẹ báàgì, àyà kò gbéra. Ó ní, "Àǹtí, orí rẹ̀." Mo wò ó, ó ti ṣubú síwájú díẹ̀. Mo gbé àgbọ̀n, mo tún ìbòmú gbé lé e, àyà gbéra. Ó kọ 41 sínú ìwé, ó sì na ọwọ́ gba báàgì torí ó ti kàn án.